Asọ̀rọ̀mágbèsì Tí Ó Ń Wá Èsì: Ìtàn Ètò Olóhùn Lórí Ìtọ́jú Àyíká ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Ìfáárà

Nígbà tí rédíò kọ́kọ́ dé ilẹ̀ Yorùbá, asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn àgbà sọ ọ́. Orúkọ yìí ṣe àpèjúwe ẹ̀rọ náà, ó sì tún fi ẹ̀sùn kàn án. Láwùjọ Yorùbá, ọ̀rọ̀ a máa ní èsì: bí a bá kí ni, a ó jẹ́ ẹ, bí a bá pa àlọ́, a ó gbè é, bí ọba bá pàṣẹ, àwọn ìjòyè a máa fọhùn sí i. Àfi ẹ̀rọ tuntun yìí, tí í sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́, tí kì í gbọ́ ohun tí ẹni tí ó jókòó níwájú rẹ̀ ń wí.

Lára ohun tí ẹ̀rọ náà ti ń sọ fún àwọn ará Àkúrẹ́ àti àwọn ará Oǹdó láti ọjọ́ pípẹ́ ni ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó ilé, omi mímu, ìdáná àti ìdọ̀tí ìgboro. Lóde òní ọ̀rọ̀ náà ti gbòòrò sí i. Ní ọdún 1987, ìgbìmọ̀ àgbáyé kan tí Gro Harlem Brundtland, ará Nọ́wè, jẹ́ alága rẹ̀ gbé ìwé kan jáde lórí àyíká àti ìdàgbàsókè. Ohun tí wọ́n tẹnu mọ́ ni pé kí àwọn tí ó wà láyé bójú tó àìní tiwọn láìba ti àwọn tí a kò tíì bí jẹ́. Àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ti mọ èyí tipẹ́: ẹni tí ó bá jẹ èbù iṣu rẹ̀ tán ní ọdún yìí ti jẹ iṣu ọdún tí ń bọ̀ mọ́ ọn.

Ọ̀nà tuntun tí a ń gbà sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni podcast, èyí tí í ṣe ètò olóhùn tí a gbà sílẹ̀, tí a fi sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí olùgbọ́ sì lè gbé sórí fóònù rẹ̀ kí ó gbọ́ ọ nígbà tí ó bá wù ú. Ọ̀nà náà ni ó jẹ́ tuntun. Iṣẹ́ náà ti pẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é láṣeyọrí ní láti wo ìtàn àwọn tí wọ́n ti ṣe é ṣáájú. Níbo ni ọ̀rọ̀ wọn ti wọ ilé, níbo ni ó sì ti yọ̀ dànù bí omi orí ewé kókò?

Agogo Akéde àti Ìwé Wolé-wolé

Kí rédíò tó dé, akéde ni ohùn ìlú. Ní Àkúrẹ́, láti ààfin Déjì ni ó ti ń jáde. Ní Oǹdó, láti ààfin Òṣemàwé. Ìrọ̀lẹ́ ni ó máa ń lu agogo rẹ̀, nígbà tí àwọn tí ó lọ sí oko bá ti wọlé, tí iná alẹ́ sì ti ń jó lórí ààrò. Lára ohun tí ó máa ń kéde ni ọjọ́ tí a ó ro ọ̀nà odò, ọjọ́ tí a ó gbá ọjà, àti ibi tí a kò gbọdọ̀ da ilẹ̀ sí. Àṣẹ ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n àṣẹ náà ní ọ̀nà èsì. Bí ọjọ́ ọ̀nà ríro bá bọ́ sí ọjọ́ tí kò rọ àdúgbò kan lọ́rùn, olórí àdúgbò ni yóò gbé ẹjọ́ wọn lọ sí ààfin. Àwọn obìnrin pẹ̀lú ní ẹnu níbẹ̀. Ní Oǹdó, ọ̀rọ̀ ọjà wà ní ìkáwọ́ Lóbùn, tí àwọn ará ìlú ń pè ní ọba obìnrin. Òun ni í ṣe ètùtù nígbà tí a bá ń ṣí ọjà tuntun. Akéde kò lè sọ ọ̀rọ̀ ọjà bí ẹni pé ọjà kò ní olórí.

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fìdí múlẹ̀, ohùn mìíràn dé. Òfin ìlera gbogbo ènìyàn ti ọdún 1917 fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní agbára láti wọ ilé onílé. Àwọn ni gbogbo ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ sí wolé-wolé. Wọ́n a máa yọjú sínú ìkòkò omi láti wá tanwíjí, wọ́n a máa yẹ ẹ̀yìnkùlé àti ṣaláńgá wò, wọn a sì máa kọ ìwé kóòtù fún ẹni tí ó bá rú òfin. Iṣẹ́ wọn wúlò, nítorí pé ẹ̀fọn ni ó ń fa ibà, inú omi tí a fi sílẹ̀ láìbò ni ẹ̀fọn sì ń yé sí. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ni wọ́n ṣàlàyé, ìjìyà ni ó pọ̀. Ìyá àgbà tí ó sáré da omi ìkòkò nù nígbà tí ó gbúròó pé wolé-wolé ń bọ̀, tí ó sì tún pọn òmíràn síbẹ̀ láìbò nígbà tí wolé-wolé lọ tán, kò tíì kọ́ ohun kan nípa ẹ̀fọn. Bí a ti í sá fún owó ìtanràn ni ó kọ́.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin akéde àti wolé-wolé ni yóò máa hàn nínú gbogbo ìtàn tí ó kù. Àwọn méjèèjì ni ó gbé àṣẹ wá. Ọ̀kan gbà kí a dá òun lóhùn, èkejì kò gbà.

Láti Rẹdifúṣọ̀n dé Òrìta-Òbèlé

Ní ọdún 1932 ni ìlú Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn BBC láti Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 1935, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà gbé ohùn náà lọ sí inú ilé àwọn tí ó sanwó fún un. Ìbàdàn ní tirẹ̀ ní ọdún 1939. Àpótí pákó kékeré kan ni a ń so mọ́ ògiri. Rẹdifúṣọ̀n ni àwọn ènìyàn ń pè é. Kò sí ibi tí a lè yí i sí, nítorí pé ohùn kan ṣoṣo ni ó ń gbà. Olùgbọ́ lè dín ohùn rẹ̀ kù tàbí kí ó pa á. Agbára rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí àsìkò tí orúkọ náà, asọ̀rọ̀mágbèsì, bá ẹ̀rọ kan mu tó báyìí.

Ìgbà tí ó ṣe, ilé-iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ti Nàìjíríà dìde ní ọdún 1951, ó sì di àjọ tí òfin gbé ró ní ọdún 1957. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ṣí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn WNTV ní Ìbàdàn. Rédíò WNBS tẹ̀ lé e ní ọdún 1960. Láàrin àkókò kan náà ni rédíò kékeré tí ń lo òkúta bátìrì gbòde. Wáyà kò wúlò mọ́. Àgbẹ̀ lè gbé rédíò tirẹ̀ lọ sí abà kòkó, kí ó gbé e kọ́ igi, kí ó sì máa gbọ́ ìròyìn bí ó ti ń la kòkó.

Ìgbà yìí ni èdè Yorùbá gba ipò rẹ̀ lórí afẹ́fẹ́ dáadáa. Àwọn ọ̀mọ̀wé èdè bí Adébáyọ̀ Fálétí ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì fi hàn pé iṣẹ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ju kíka ìwé tí a túmọ̀ láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ. Àwọn Yorùbá ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ ẹrú ni ọ̀pọ̀ ìkéde ìjọba, nítorí pé ẹni tí ó kọ ọ́ kò mọ ojúlé tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tí ó gbọ́ èdè ni yóò sọ ọ́ di iṣẹ́ ọmọ. Àwọn òṣèré pẹ̀lú ṣe tiwọn. Nínú Kóòtù Aṣípa tí Oyin Adéjọbí gbé kalẹ̀ fún tẹlifíṣàn, olùpẹ̀jọ́ sọ tirẹ̀, olùjẹ́jọ́ sọ tirẹ̀, òǹwòran sì ń dájọ́ nínú ilé rẹ̀ kí adájọ́ tó dá a. Èyí jẹ́ ọgbọ́n ńlá, nítorí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ̀rọ náà kò tíì lè gba èsì, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ ti ń dá ara wọn lóhùn.

Títí di àkókò yìí, ohùn tí ó ń dé Àkúrẹ́ àti Oǹdó, láti Ìbàdàn tàbí Èkó ni ó ti ń wá. Ọjọ́ kẹta oṣù Kejì ọdún 1976 ni èyí yí padà, nígbà tí ìjọba pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí mẹ́ta: Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó. Àkúrẹ́ di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ìpínlẹ̀ náà sì dá ilé-iṣẹ́ rédíò tirẹ̀ sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà ni à ń pè ní OSRC, tí ó wà ní Òrìta-Òbèlé. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ ìdọ̀tí odò Àlà lórí rédíò lè jẹ́ ẹni tí ó gba orí afárá odò Àlà kọjá ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà.

Sátidé Ìmọ́tótó àti Ọ̀rọ̀ Koko

Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹta ọdún 1984, ìjọba ológun Muhammadu Buhari àti Tunde Idiagbon bẹ̀rẹ̀ ìgbógunti ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí WAI. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ìmọ́tótó àyíká kún un. Sátidé tí ó kẹ́yìn oṣù di ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rìn ní ìgboro títí di aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Olúkúlùkù gbọdọ̀ wà ní iwájú ilé rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́ àti ìgbálẹ̀. Rédíò ni ó gbé ìkéde náà kiri, àwọn sọ́jà ni ó sì tì í lẹ́yìn.

Kò sí àní-àní pé àwọn ìlú mọ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ òtítọ́ kò ní sẹ́ èyí. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ìkéde náà kò dé. Ó sọ fún ará ilé pé kí ó kó ìdọ̀tí jáde kúrò nínú gọ́tà. Kò sọ ibi tí yóò gbé e lọ. Níbi tí ọkọ̀ akólẹ̀ kò bá yá, ẹ̀bá gọ́tà kan náà ni òkìtì náà yóò wà, òjò àkọ́kọ́ ni yóò sì gbé e padà síbi tí ó ti wá. Bí rédíò bá jẹ́ ẹ̀rọ tí ń gba èsì ni, ọ̀sẹ̀ kìíní ni àwọn obìnrin àdúgbò ìbá ti wí fún un. Nígbà tí ìjọba náà ṣubú ní oṣù Kẹjọ ọdún 1985, àṣà náà kù ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti tán lára rẹ̀. Ní Èkó, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá a ní ọdún 2016 pé ìjọba kò lágbára láti sé ènìyàn mọ́lé nítorí ìmọ́tótó. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà sì fòpin sí i nínú oṣù Kọkànlá ọdún kan náà. Ohun tí ó gbé ìmọ́tótó náà ró ni àṣẹ. Nígbà tí àṣẹ lọ, kò sí òye tí ó tó láti dì í mú.

Ọ̀rọ̀ Koko burú ju èyí lọ. Koko jẹ́ ìlú etídò ní Ìpínlẹ̀ Bẹ́ńdẹ̀lì ìgbà náà, èyí tí ó bá Ìpínlẹ̀ Oǹdó pààlà. Láti ọdún 1987 di 1988, wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi kó ìdọ̀tí olóró láti Ítálì wá síbẹ̀, wọ́n sì kó àwọn àgbá náà jọ sí àgbàlá ilé kan tí wọ́n sanwó díẹ̀ fún onílé rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n wà ní Ítálì ni wọ́n kọ̀wé wá sílé kí àṣírí tó tú nínú oṣù Kẹfà ọdún 1988. Ìròyìn sọ pé àwọn kan ti da ohun tí ó wà nínú àwọn àgbá náà nù, wọ́n sì fi àgbá náà pọn omi. Nítorí ọ̀rọ̀ yìí ni ìjọba àpapọ̀ fi ṣe òfin kejìdínlọ́gọ́ta ti ọdún 1988, tí ó dá àjọ ìdáàbòbò àyíká, FEPA, sílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún ẹni tí ń ṣe ètò olóhùn hàn gbangba. Onílé náà kì í ṣe ọ̀lẹ, àwọn tí ó fi àgbá pọn omi kì í ṣe aláìmọ́tótó. Àgbá tí ó dára ni ojú wọn rí. Nínú gbogbo ariwo ìmọ́tótó tí ó ti wà lórí afẹ́fẹ́ fún ọdún mélòó kan, ẹnikẹ́ni kò tíì sọ fún wọn ní èdè wọn pé oró lè wà nínú ohun tí kò rí bí ìdọ̀tí.

Àwọn Tí Wọ́n Wá Èsì

Àwọn ibòmíràn ti wá ojútùú sí àìgbèsì rédíò. Ní Kánádà, láti ọdún 1941, àwọn àgbẹ̀ a máa kóra jọ sí ilé aládùúgbò kan ní alẹ́ ọjọ́ Ajé láti gbọ́ ètò àgbẹ̀ pọ̀. Bí ètò náà bá ti parí, wọn a jíròrò lórí rẹ̀, wọn a sì kọ èrò wọn ránṣẹ́. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ a ka díẹ̀ nínú èsì náà sórí afẹ́fẹ́. UNESCO gbé àṣà yìí lọ sí Íńdíà ní ọdún 1956, níbi tí a ti dán an wò ní abúlé 150 ní agbègbè Poona. Láti ọdún 1964 sí 1965 a tún dán an wò ní ìlà-oòrùn Gáná.

Èyí tí ó lókìkí jù lọ ní Áfíríkà ni ti Tansaníà ní ọdún 1973. Mtu ni Afya ni wọ́n pe ètò náà ní èdè Swahílì, ìyẹn ni pé ènìyàn gan-an ni ìlera. Ìbà, ìgbẹ́ gbuuru, aràn àti irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ni ó dá lé. Kí ètò kan tó jáde lórí afẹ́fẹ́, wọ́n ti kọ́ àwọn olórí ẹgbẹ́ tí ó tó bí 75,000 ní bí a ti í darí ìjíròrò, wọ́n sì ti pín ìwé kékeré tí ó rọrùn láti kà. Fún ọ̀sẹ̀ 12, bí mílíọ̀nù 2 àgbàlagbà ń péjọ láti gbọ́, láti jíròrò, kí wọ́n sì pinnu ohun kan tí wọn yóò ṣe ní àdúgbò wọn kí wọ́n tó tú ká. Ṣaláńgá tí àwọn ènìyàn gbẹ́ nítorí ètò náà ju 100,000 lọ dáadáa.

Bí a bá gbé èyí sí ẹ̀gbẹ́ Sátidé ìmọ́tótó ti ìgbà WAI, ìyàtọ̀ náà kò fara sin. Rédíò kan náà ni, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ní Tansaníà, ìpinnu ti ẹnu àwọn olùgbọ́ jáde. Ẹni tí ó bá ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ níwájú aládùúgbò pé òun yóò gbẹ́ ṣaláńgá kò nílò sọ́jà lẹ́yìn rẹ̀.

Fóònù, Ohùn Àtẹ̀ránṣẹ́ àti Podcast

Ní Nàìjíríà, ohun mẹ́ta ni ó ṣí ẹnu olùgbọ́. Èkíní ni òfin kejìdínlógójì ti ọdún 1992, tí ó gba aládàáni láàyè láti dá ilé-iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ sílẹ̀. Nípa báyìí, ẹni tí ó wà ní Àkúrẹ́ lónìí lè gbọ́ OSRC ti ìpínlẹ̀, Positive FM ti ìjọba àpapọ̀, Adaba FM tí ó wà ní Ìlárá-Mọ̀kín, àti rédíò ti Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní Àkúrẹ́ ní ọdún 1981. Èkejì ni fóònù alágbèéká, tí ó dé ní oṣù Kẹjọ ọdún 2001. Láti ìgbà náà ni olùgbọ́ ti ń pe sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́, tí ó sì ń bá a jiyàn. Asọ̀rọ̀mágbèsì bẹ̀rẹ̀ sí í gba èsì.

Ẹ̀kẹta ni íntánẹ́ẹ̀tì. Inú ìwé ìròyìn The Guardian ti Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni orúkọ náà, podcast, ti kọ́kọ́ jáde ní oṣù Kejì ọdún 2004, láti ọwọ́ akọ̀ròyìn Ben Hammersley. WhatsApp dé ní ọdún 2009. Ní ọdún 2013 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn àtẹ̀ránṣẹ́. Ìwọ̀nyí ni ó mú kí ohùn lè dúró. Ọ̀rọ̀ rédíò a máa bá afẹ́fẹ́ lọ. Ẹni tí ó wà lọ́jà nígbà tí ó ń lọ ti pàdánù rẹ̀. Podcast a máa dúró de ẹni tí ó ń fẹ́ ẹ. Ìyá tí ó ń din gààrí lè gbọ́ ọ, kí ó dá a dúró, kí ó tún un gbọ́, kí ó fi ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀, kí ó sì fi ohùn ara rẹ̀ dáhùn, ì báà jẹ́ pé kò mọ ìwé kọ.

Bí A Ṣe Lè Gbé Irú Ètò Bẹ́ẹ̀ Kalẹ̀

Bí ìtàn yìí bá wúlò, ó yẹ kí ó hàn nínú bí a ti í gbé ètò kalẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ ni ìbéèrè. Wolé-wolé mú ìdáhùn wá kí ẹnikẹ́ni tó béèrè. Podcast tí ó mọ́gbọ́n dání a máa kọ́kọ́ kó ìbéèrè jọ. Ọjà Ọba tí ó wà nítòsí ààfin Déjì, ibùdókọ̀, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sálásí àti ilé-ìwé ni ibi tí a ti í rí wọn. Ìbéèrè kan ni ó yẹ kí ìpín kọ̀ọ̀kan gbé. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ayípadà ojú ọjọ́, omi, ìdáná àti ọ̀rá pọ̀ nínú ìpín kan yóò sọ púpọ̀, olùgbọ́ kò sì ní rí ọ̀kan mú lọ sílé.

Ìbéèrè náà kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí a yá lò láti ìlú òyìnbó. Ní Àkúrẹ́, níbi tí ọ̀pọ̀ ilé ti ń mu omi kànga, ìbéèrè gidi ni pé báwo ni ó ti yẹ kí kànga jìnnà sí ṣaláńgá tó. Mítà 30 ni àwọn onímọ̀ ìlera sábà máa ń dámọ̀ràn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí a pín tẹ́ẹ́rẹ́ kò gba mítà 30, ó sì lè jẹ́ pé ṣaláńgá aládùúgbò ni ó sún mọ́ kànga ẹni. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ti ẹni méjì yìí ni ètò ti bẹ̀rẹ̀ gan-an, nítorí kò sí ẹni tí ó lè fi àṣẹ yanjú rẹ̀. Ìjíròrò ni yóò yanjú rẹ̀. Ní Oǹdó, ìyẹ̀ igi tí ń jáde ní sọ́mìlì jẹ́ ìdààmú bí a bá sun ún sí gbangba, ṣùgbọ́n ohun ìdáná ni fún ẹni tí ó ní àdògán tí ó yẹ ẹ́. Èèpo kòkó tí ń jẹrà lóko, eérú rẹ̀ ni àwọn ìyá wa fi ń ṣe ọṣẹ dúdú. Bí olùgbọ́ bá rí i pé ìyá òun ti ń ṣe ohun tí ètò náà ń wí, yóò sún mọ́ ètò náà.

Ìdọ̀tí ilé pẹ̀lú ní ìbéèrè tirẹ̀. Ní àkókò ìjọba Olúṣẹ́gun Àgágù (2003 sí 2009), Ìpínlẹ̀ Oǹdó kọ́ ilé-iṣẹ́ kan sí ọ̀nà Ìgbátòrò ní Àkúrẹ́ láti sọ ìdọ̀tí di ajílẹ̀. Ẹ̀rọ kò lè sọ ọ̀rá di ajílẹ̀. Bí èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọ̀rá omi bá wà nínú àpò kan náà láti ilé, iṣẹ́ ti bàjẹ́ kí ó tó dé ọ̀nà Ìgbátòrò. Ìyá ilé tí ó wà ní ìdí ààrò ni òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́ ní ilé-iṣẹ́ náà. Ta ni ó ti bá a sọ̀rọ̀? Ṣé ó ní àyè fún àpò méjì? Ta ni yóò kó èkejì?

Ẹ̀ẹ̀kejì ni èdè. Ìlú méjèèjì kò jìnnà sí ara wọn ju bí kìlómítà 50 lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀ka-èdè wọn yàtọ̀: ti Àkúrẹ́ sún mọ́ ti Èkìtì, ti Oǹdó sì wà pẹ̀lú ti Ọ̀wọ̀, Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ. Yorùbá àjùmọ̀lò ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ lè fi darí ètò, kí ó má baà kó ìdààmú bá ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ kí ẹni tí ó ń fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò sọ ti ilé rẹ̀; ohùn tirẹ̀ ni aládùúgbò yóò gbà gbọ́. Kí ó sì ranti pé ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó: ẹni tí a bá kọ́kọ́ pè ní ọ̀bùn kò ní dúró gbọ́ ìyókù.

Ẹ̀kẹta ni ìgbohùnsílẹ̀. Fóònù tí ó dára tó fún un. Àwọn ọ̀tá ohùn ni jẹnẹrétọ̀, òjò orí páànù àti iyàrá òfìfo tí ń dún padà. Iyàrá tí aṣọ kọ́ sí lára ògiri rẹ̀ sàn ju gbọ̀ngàn ńlá lọ. Kí ìpín kan má ju ìṣẹ́jú 15 lọ. Ohùn ìṣẹ́jú 15 tí a tò sí kílóbíìtì 64 fún ìṣẹ́jú-àáyá kan wọ mẹ́gábáìtì 7 àti díẹ̀, èyí tí kò ní jẹ dátà olùgbọ́ tán. Kí ó tó jáde, kí a jẹ́ kí àwọn bíi mélòó kan gbọ́ ọ, kí a sì bi wọ́n ní ohun tí wọ́n gbọ́; ohun tí wọ́n bá sọ lè yàtọ̀ pátápátá sí ohun tí a wí. Kí onímọ̀ pẹ̀lú yẹ àwọn òtítọ́ inú rẹ̀ wò, nítorí àṣìṣe tí a gbà sílẹ̀ kì í bá afẹ́fẹ́ lọ mọ́.

Ẹ̀kẹrin ni èsì, òun sì ni òpómúléró. Kí ìpín kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn àwọn tí ó dáhùn sí ti ìṣáájú, pàápàá jù lọ àwọn tí ó gbìyànjú ohun tí a wí tí kò bọ́ sí i fún wọn. Ibi tí ó dára láti kó àwọn olùgbọ́ jọ kò ṣòro láti rí. Oǹdó ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Adéyẹmí, tí ó ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ láti ọdún 1964. Bí olùkọ́ kan bá jẹ́ kí kíláàsì rẹ̀ gbọ́ ìpín kan, tí àwọn ọmọ sì gbé ìbéèrè lọ sílé tí wọ́n mú èsì bọ̀ ní ọjọ́ kejì, ohun tí Tansaníà ṣe ní ọdún 1973 ni ó ṣe yẹn.

Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn yìí fi hàn pé ẹ̀rọ tí ó túbọ̀ ń gbọ́n kò fi dandan sọ ọ̀rọ̀ di èyí tí ó wọlé. Akéde tí ó ní agogo kan ṣoṣo ní ọ̀nà èsì. Rẹdifúṣọ̀n tí ó gba wáyà dé inú yàrá kò ní in. Rédíò tí ó ní ìjọba ológun lẹ́yìn fọ gọ́tà fún ìgbà díẹ̀. Rédíò tí ó ní àwùjọ olùgbọ́ lẹ́yìn gbẹ́ ṣaláńgá tí ó dúró. Podcast pẹ̀lú lè di wolé-wolé orí fóònù bí ẹni tí ó ń ṣe é bá jẹ́ ẹni tí ń sọ tí kò gbọ́.

Ọ̀ràn kan ṣì kù. Ìyá arúgbó kan wà ní Oǹdó tàbí Àkúrẹ́ tí kò ní fóònù olójú gbàgede, tí kò sì lè ra dátà. Rédíò olókùúta bátìrì ni ó ṣì wà ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀. Òun ni ó ń pọn omi kànga, òun ni ó ń dá igi. Ètò tí kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ti kọjá lẹ́bàá ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn jù lọ. Nítorí náà, ìpín tí a bá ṣe tán fún íntánẹ́ẹ̀tì, ó yẹ kí a gbé e lọ sí ilé-iṣẹ́ rédíò, kí ọmọ-ọmọ ìyá náà sì fi fóònù gba ohùn rẹ̀ ránṣẹ́. Nígbà tí ìyá yìí bá gbọ́ tí èsì tirẹ̀ ń jáde láti inú asọ̀rọ̀mágbèsì, orúkọ tí àwọn àgbà sọ ẹ̀rọ náà yóò di ìtàn.